Ohùn Tó Wà Nínú Fóònù Akọ̀wé

Ìyá agbálẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ó gbé garawa rẹ̀ gba ẹ̀yìn kóòtù, níbi àtẹ̀gùn tí adájọ́ nìkan máa ń gbà gòkè lọ sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó sì bá Akọ̀wé kóòtù tó na gbalaja ní ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ láìwo nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn létí. Fóònù rẹ̀ wà lẹ́bàá ògiri, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù lù ú títí ó fi rún wómúwómú. Igbe tí ìyá agbálẹ̀ ké, àwọn tó wà lójú títì gbọ́ ọ.

Kí Ìnspẹ́kítọ̀ tó dé, gbogbo ọgbà ti mọ ẹni tó pa á. Àwọn lọ́yà mọ̀ ọ́n, àwọn tó ń ta káàdì fóònù lẹ́nu géètì mọ̀ ọ́n, àwọn ẹlẹ́jọ́ tí wọn ò tíì mọ bí ẹjọ́ tiwọn alára yóò ṣe rí náà mọ̀ ọ́n. Adájọ́ obìnrin tó ni àtẹ̀gùn ni. Ṣebí Akọ̀wé yìí ló fẹ̀sùn kàn án níwájú ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn adájọ́ wí? Ṣebí ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni ìgbìmọ̀ fẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà? Akọ̀wé ní òun gba ohùn adájọ́ sílẹ̀ nínú fóònù òun, níbi tó ti ń fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ṣe ni wọ́n ń sọ fún òun ohun tí òun máa kọ. Ọkùnrin náà ti kú báyìí, fóònù náà sì ti kú tẹ̀lé e. Kí ni ẹnikẹ́ni tún ń wá?

Ìnspẹ́kítọ̀ kì í tètè mọ nǹkan báyẹn. Àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Má-Kánjú, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún afurasí tó bá ti ń rojọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nìyẹn. Ó lè jókòó síwájú ènìyàn kó máa wo èékánná ọwọ́ rẹ̀, títí ẹni náà yóò fi sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi í.

Ọ̀dọ̀ ìyá agbálẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Ta ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ pariwo?"

"Olúwa mi ni, sà, adájọ́ wa. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ nínú mọ́tò ni. Wọ́n sáré wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú nǹkan kan nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọkùnrin yẹn, wọ́n wá ní kí n lọ pe ọlọ́pàá."

"Kí ni wọ́n mú?"

"Háà, ọ̀gá. Èmi tí mo rí òkú láàárọ̀ kùtù, ṣé àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn ni mo tún fẹ́ máa wò? Ẹ bi ìyá mẹkáníìkì. Òun náà sáré wá."

Gbogbo ọgbà ló mọ ìyá mẹkáníìkì. Ọdún mẹ́fà ni ọmọ rẹ̀ ti wà ní àtìmọ́lé. Wọ́n ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ba bíréèkì mọ́tò ọ̀gá àgbà kan jẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba, tí dírẹ́bà ọ̀gá náà sì kú sínú rẹ̀. Kò sí ọjọ́ ẹjọ́ tí ìyá náà kì í wá, orí bẹ́ǹṣì kan náà ló sì máa ń jókòó sí, nítòsí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí ni adájọ́ fẹ́ ka ìdájọ́ ọmọ rẹ̀.

"Mi ò rí nǹkan kan," ni ìyá náà wí kí Ìnspẹ́kítọ̀ tó jókòó.

"Mi ò tíì bi yín ní nǹkan kan, Ìyá. Ara yín ń gbọ̀n."

"Òtútù ni."

Oòrùn ti ń ta wọ́n lórí. Ìnspẹ́kítọ̀ wo èékánná rẹ̀. Ìyá mẹkáníìkì bá di apá aṣọ rẹ̀ mú.

"Ẹsẹ̀ ọmọ mi méjèèjì ti wú, ọ̀gá. Tí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ìka mi á dúró síbẹ̀. Wọ́n ní tí wọ́n bá dá adájọ́ yìí dúró lónìí, adájọ́ mìíràn á bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà látìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi ò lè tún ìbẹ̀rẹ̀ kankan bẹ̀rẹ̀ mọ́, á kú síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ìdájọ́ yẹn tán ná. Tí wọ́n bá ti kà á tán, ohun tẹ́ ẹ bá bi mí ni màá sọ."

Àánú rẹ̀ ṣe Ìnspẹ́kítọ̀ gidigidi. Àmọ́ ó mọ̀ pé ẹni tí kò rí nǹkan kan kì í bẹ̀bẹ̀ báyẹn.

Ó gòkè lọ sí yàrá ìkàwé, níbi tí Alága ìgbìmọ̀ wà. Adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Alága, bàbá tínínrín kan tó jẹ́ pé ẹ̀wù rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Àárín àwọn ìwé òfin ló jókòó sí bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀.

"Wọ́n ti pè mí láàárọ̀ yìí títí etí mi fi ń hó," ni Alága wí. "Àwọn kan ní kí n dá adájọ́ náà dúró kíá, kí ará ìlú má bàa ní àwa adájọ́ ń bo ara wa. Àwọn mìíràn ní tí mo bá fọwọ́ kàn án, ìjọba ló rán mi. Ìnspẹ́kítọ̀, èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì?"

"Ẹ má tíì ṣe ìkankan, sà. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn náà."

"Èmi fúnra mi ò tíì gbọ́ ọ. Ìlànà wa ni pé iwájú àwọn méjèèjì la ti ń gbọ́ ẹ̀rí. Ẹni tó fẹ̀sùn kàn á fi ẹ̀dà kan fún wa, á fi òmíràn ránṣẹ́ sílé ẹni tó fẹ̀sùn kàn. Ó ṣe méjèèjì lánàá."

Bó ti wí bẹ́ẹ̀ náà ló ti fláàṣì kékeré kan, tí ẹ̀dà ohùn náà wà nínú rẹ̀, sọ́dọ̀ Ìnspẹ́kítọ̀, tó sì yíjú sí fèrèsé bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun fún un.

Ìnspẹ́kítọ̀ gbọ́ ọ nínú mọ́tò rẹ̀. Nǹkan kan kọ́kọ́ dún: kọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn adájọ́ jáde, ohùn obìnrin tó nípọn. Láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì ó ń dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu.

"Mo mọ̀ … pé ọkùnrin náà … kò jẹ̀bi. Wọ́n sọ ohun tí màá kọ … fún mi. Mo sì kọ ọ́ … bí wọ́n ṣe sọ ọ́."

Kò sí ohun tó tẹ̀lé e. Ọkàn Ìnspẹ́kítọ̀ bàjẹ́, nítorí ó fẹ́ràn obìnrin náà láti òkèèrè. Ọ̀kan nínú adájọ́ díẹ̀ tó lè sọ fún ọlọ́pàá pé irọ́ ló ń pa ni.

Adájọ́ wà nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó ti wọ ẹ̀wù dúdú rẹ̀. Ìyá Bírò ni àwọn lọ́yà ń pè é tí kò bá sí nítòsí, nítorí ọwọ́ ló fi ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ nínú kóòtù rẹ̀, kò sì sí lọ́yà tó lè sáré ju bírò náà lọ. Mẹ́ta nínú bírò náà wà lórí tábìlì, irú èyí tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ nídìí kí ẹnu rẹ̀ tó yọ. Ó ń tẹ ọ̀kan bó ti ń sọ̀rọ̀.

"Kí lẹ mú nílẹ̀ níbi òkú, Olúwa mi?"

"Ìdérí bírò mi ni. Ó já bọ́ lọ́wọ́ mi."

"Ṣé ẹ ti gbọ́ ohùn tó wà nínú fláàṣì yẹn?"

"Mo gbọ́ ọ lálẹ́ àná. Ohùn mi ni."

"Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mà."

"Rárá o. Ìgbìmọ̀ ni màá ṣàlàyé fún. Tí ọlọ́pàá bá lè máa bi adájọ́ ní ohun tó sọ lẹ́nu iṣẹ́, lọ́la ẹ ó wá bi mí ìdí tí mo fi tú ẹni tí ẹ mú sílẹ̀. Ẹ bi mí nípa òkú, màá dáhùn."

"Ta ló gbé yín wá lónìí?"

Bírò dákẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá àwọn ọmọ mi. Wọ́n máa ń gbé mi wá, wọ́n á sì dúró dè mí nínú mọ́tò."

"Wọn kì í wọlé wá jókòó?"

"Wọn ò wọ kóòtù mi rí. Ẹbí mi kankan ò wọ ibẹ̀ rí. Ọjọ́ tí mo búra ni mo ti sọ fún wọn, mo sì ní a ò ní í sọ̀rọ̀ kóòtù nílé. Mi ò fẹ́ kí ẹlẹ́jọ́ kan wẹ̀yìn kó rí ọkọ mi, kó wá rò pé ẹni tí òun máa lọ bẹ̀ nìyẹn." Ó dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ẹjọ́ kéékèèké láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yìn kóòtù lẹ dí pa, ẹ ò dí iwájú."

Ọkọ adájọ́ wà nínú mọ́tò dúdú lábẹ́ igi, bí wọ́n ti wí. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọkùnrin tó mọ́ tónítóní, tí kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ le gbagidi. Ìwé ìròyìn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó nà án jìnnà síwájú títí ó fi kan síárìn mọ́tò. Ojú àpá méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀, níbi tí awò ojú ti máa ń jókòó.

"Ẹ kú ìdúró, Bàbá."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ṣé wọn ò ní í da ìyàwó mi láàmú?"

"A ṣì ń wò ó, sà," ni Ìnspẹ́kítọ̀ fèsì, ó sì kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ géètì ẹ̀yìn.

Ọlọ́pàá náà fẹsẹ̀ janlẹ̀, ó kí i bí ológun. "Ẹnikẹ́ni ò wọlé láàárọ̀, ọ̀gá! Àfi mọ́tò Olúwa mi. Ó wọlé, mo kí i. Ó jáde. Ó tún wọlé, mo tún kí i."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ló wọlé? Ta ló wà nínú rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́?"

"Ọ̀gá, gíláàsì rẹ̀ dúdú. Mọ́tò ni mo ń kí."

Ní ọjọ́ mìíràn Ìnspẹ́kítọ̀ ì bá rẹ́rìn-ín. Ó gba iwájú wọ kóòtù, ó dúró lẹ́yìn gbogbo ènìyàn. Ẹjọ́ olè ni wọ́n ń gbọ́. Géńdé kan wà nínú àpótí ẹlẹ́jọ́, ó rẹ̀ ẹ́, ó ti pinnu láti jẹ́wọ́ kó lè jókòó.

"Èmi ni mo jí kẹ̀kẹ́ náà," ni géńdé wí. "Mo sì ti tà á."

Adájọ́ tẹ bírò rẹ̀: kọ́. Ó dorí kọ ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì nípọn nínú ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà.

"Èmi ni … mo jí … kẹ̀kẹ́ náà. Mo sì … ti tà á."

Kò sẹ́ni tó wò ó ní ìwò ìyanu. Lọ́yà kan ń yán. Ìnspẹ́kítọ̀ nìkan ló lanu sílẹ̀ lẹ́yìn, ó sì gbàgbé láti pa á dé fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré. Ó ní kí wọ́n pe adájọ́ àti ọkọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ Alága.

Àwọn mẹ́rin ló wà nínú yàrá ìkàwé. Ìnspẹ́kítọ̀ ti ìlẹ̀kùn, ó fi fláàṣì náà sórí tábìlì, ó sì jẹ́ kí ohùn náà sọ̀rọ̀. Bó ti parí, Alága fi ọwọ́ gbá iwájú orí.

"Ẹlẹ́rìí ló sọ èyí! Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni!"

"Ẹ ṣeun, sà. Mo ti yẹ àkọsílẹ̀ ẹjọ́ mẹkáníìkì wò: ọlọ́pàá tó wádìí rẹ̀ ló sọ ọ́, nígbà tí wọ́n fi ìbéèrè há a mọ́ nínú kóòtù. Ó ní òun mọ̀ pé ọkùnrin náà kò jẹ̀bi, wọ́n sọ ohun tí òun máa kọ fún òun, òun sì kọ ọ́. Olúwa mi ń pe ọ̀rọ̀ bó ti ń kọ ọ́, bó ṣe máa ń ṣe. Akọ̀wé jókòó nísàlẹ̀ rẹ̀, ó gba ohùn rẹ̀ nìkan, ó sì gé ti ẹlẹ́rìí dà nù."

"Ṣé ó rò pé a ò ní í mọ̀ ni?"

"Ó mọ̀ pé ẹ ó mọ̀, sà. Kò bìkítà. Ohun tó ń wá ò ju kí ẹ dá Olúwa mi dúró lónìí, kí ìdájọ́ má lè jáde. Ẹni tó rán an níṣẹ́ yẹn, màá wá a lọ." Ìnspẹ́kítọ̀ jókòó, ó wo èékánná rẹ̀. "Mo wá bi ara mi pé, ta ló lè bẹ̀rù ohùn yìí débi tó fi máa fọ́ fóònù? Olúwa mi mọ̀ pé ẹ̀dà wà lọ́dọ̀ yín. Lọ́yà tó bá mọ ìlànà yín mọ̀ pé fífọ́ fóònù ò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì ti jókòó nínú kóòtù yẹn rí, ìyá mẹkáníìkì pàápàá, ẹ̀rín ni yóò rín. Ẹni tó fọ́ ọ fẹ́ràn adájọ́, àmọ́ kò wọ kóòtù rẹ̀ rí."

Ọkọ adájọ́ ń wo ilẹ̀.

"Bàbá, mọ́tò yín wọlé lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí. Awò ojú yín dà?"

 Adájọ́ ló ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù dúdú rẹ̀, tó mú awò ojú kan jáde, gíláàsì rẹ̀ kan ti fọ́. Ó gbé e sórí tábìlì jẹ́jẹ́.

"Bírò mi ò ní ìdérí," ni ó wí. "Ẹ ti rí ìyẹn láti àárọ̀."

"Mo rí i, Olúwa mi."

Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ gbẹ. "Orí tábìlì ìjẹun ni mo ti rí fláàṣì yẹn. Orúkọ Akọ̀wé ló wà lára rẹ̀, mo rò pé ó fi ń halẹ̀ mọ́ ọn ni. Mo gbọ́ ọ. Mi ò sùn mọ́. Mo pe ọkùnrin náà láàárọ̀ pé kó pàdé mi lẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀ fún un. Èmi tí mo kọ́ irú rẹ̀ níwèé, mo kúnlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ bi ìyàwó mi. Mo di fóònù mú, òun náà dì í mú, ó fà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn." Ó fọwọ́ nu ẹnu. "Mo rò pé ó máa dìde. Mo fọ́ fóònù náà, mo rò pé ó máa dìde."

"Kí ló dé tẹ́ ò bi mí, Bàbá wọn?" ni adájọ́ wí. "Ilé la jọ wà. Yàrá kan náà la jọ sùn."

"O ní a ò gbọdọ̀ bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ kóòtù."

Adájọ́ sún mọ́ ọn. "Ẹ sì gbà pé èmi ni? Ẹ gbà pé mo lè ṣe é?"

"Ohùn rẹ ni!" Bàbá náà dìde, ó ń nàka sí fláàṣì. "Àlàyé tí wọ́n ń ṣe yìí, irọ́ ni. Wọ́n fẹ́ bò ọ́ láṣìírí ni. Ta ló fẹ́ sọ fún mi pé mi ò mọ ohùn ìyàwó mi?"

Ó fẹ́ kó jẹ́ irọ́ ni. Tí kò bá jẹ́ irọ́, lásán ló pa ènìyàn. Gbogbo wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó láyà láti sọ ọ́.

Adájọ́ yíjú sí Alága. "Mo mú ẹ̀rí nílẹ̀ níbi òkú. Mo parọ́ fún ọlọ́pàá. Ẹ̀sùn tí Akọ̀wé mú wá, irọ́ ni. Èyí kì í ṣe irọ́. Èmi fúnra mi ni màá kọ ọ́ fún yín." Ó mí kanlẹ̀. "Àmọ́ mo ti kọ ìdájọ́ ọmọkùnrin yẹn tán láti ìjẹta. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Tí mi ò bá kà á lónìí, yóò kú."

Alága wo Ìnspẹ́kítọ̀, Ìnspẹ́kítọ̀ wo Alága. Nínú àwọn ìwé òfin tó yí wọn ká, kò sí èyí tó bá wọn dá sí i.

"Ìgbìmọ̀ ò tíì jókòó," ni Alága wí nígbẹ̀yìn. "Kò tíì dá ẹnikẹ́ni dúró. Tí a bá ń lé adájọ́ kí a tó gbọ́ tẹnu rẹ̀, iṣẹ́ Akọ̀wé là ń bá a ṣe. Lọ kà á. Bí o bá ti sọ̀ kalẹ̀, màá wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, o ò sì ní í padà gòkè títí a ó fi gbọ́ ẹjọ́ tìrẹ. Mi ò ní í bo ìyẹn mọ́lẹ̀, kódà tí wọ́n bá kúnlẹ̀ fún mi."

"Mi ò ní í kúnlẹ̀," ni adájọ́ wí. Ó wo ọkọ rẹ̀ tí Ìnspẹ́kítọ̀ ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí lọ́wọ́. "Ẹ jẹ́ kó wọlé wá jókòó lẹ́yìn. Mo yọ̀ǹda."

Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ adájọ́ ṣe wọ kóòtù ìyàwó rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, láàárín Ìnspẹ́kítọ̀ àti ọlọ́pàá kan. Mẹkáníìkì dúró nínú àpótí, ó fi ọwọ́ méjèèjì di igi mú. Adájọ́ ka ìdájọ́ rẹ̀ ketekete, kò gbójú sókè. Ó sọ ohun tí ẹlẹ́rìí ọlọ́pàá jẹ́wọ́ rẹ̀, ó sọ bí wọ́n ṣe fi ọdún mẹ́fà ṣòfò lára ènìyàn, ó sì ní kí wọ́n tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyá mẹkáníìkì ò pariwo. Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Lọ́yà ìjọba dìde, ojú rẹ̀ korò. "Olúwa mi, inú wa kò dùn sí ìdájọ́ yìí. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé a máa pẹjọ́."

Adájọ́ tẹ bírò rẹ̀: kọ́. Ó dorí kọ ìwé.

"Inú wa … kò dùn … sí ìdájọ́ yìí."

Níbi tí ọkọ rẹ̀ jókòó sí lẹ́yìn, ó na ọrùn. Ohùn náà nìyẹn, ohùn tó gbọ́ lórí tábìlì ìjẹun, pẹ̀lú ìdákẹ́ rẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì.

"Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn?" ni ó bi Ìnspẹ́kítọ̀, ohùn rẹ̀ ò ju ti ọmọdé lọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Lójoojúmọ́."

Igbe tó jáde lẹ́nu bàbá náà mú kí gbogbo kóòtù yíjú padà. Adájọ́ gbójú sókè, ó wo ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ bírò pa, ó fi í sílẹ̀ lórí ìwé, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Alága lẹ́nu ilẹ̀kùn.